Áńpù Àlòkù Tó Tan Iná Léésà ní Ìwó

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni Sáfúrátù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ Ìwó tí ẹ ń béèrè Sáfúrátù, oòrùn lè wọ̀ bá yín lọ́nà. Ìyá Onírédíò ni kí ẹ béèrè. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bá gbé yín ló máa já yín sẹ́nu ọ̀nà mi, torí ilé tí n kò tíì tú ẹ̀rọ wọn wò rí ní àdúgbò wa kò pọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ojú mi kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú ṣáṣá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ bí tèmi ṣe lọ.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọ̀nà Kuta ni oko rẹ̀ wà. Rédíò kan ṣoṣo tó ní ló bàjẹ́ tó gbé lọ bá Ọ̀gá Lámídì tó ń tún rédíò ṣe, èmi ni mo sì bá a gbé e. Mo dúró ti ọ̀gá náà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, n kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Bàbá mi rí i lójú mi. Nígbà tó padà lọ láti fi mí ṣọmọṣẹ́, Ọ̀gá Lámídì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Obìnrin kẹ̀? Bàbá, iná kì í mọ obìnrin yàtọ̀ o."

Bàbá mi dáhùn pé, "Ìdí rẹ̀ tí mo fi mú un wá nìyẹn. Bí iná ò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kí ẹ̀yin náà má mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn.

Mo rò pé ẹ̀rín yẹn á máa bá a lọ. Rárá o. Ọ̀gá Lámídì kò na ọmọ, kì í sì í bú ọmọ, ṣùgbọ́n ó le ju ẹni tó ń na ọmọ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, n kò fọwọ́ kan rédíò oníbàárà kankan. Abọ́ kan ló gbé fún mi, ó kún fún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, àwọn kéékèèké tó ní ìlà aláràbarà lára. Ó ní kí n máa kà wọ́n bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà. Pupa ní iye tirẹ̀, àwọ̀ ewé ní iye tirẹ̀. Bí mo bá ṣì í, kò ní sọ ohun tí mo ṣì. Á kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà sínú abọ́.

Nígbà tó wá gbà kí n máa fi òjé so wáyà pọ̀, ìyẹn ohun tí àwa ń pè ní sódà, irin tí a ń ki bọ inú ẹ̀yinná ni a ń lò. Bí irin bá gbóná jù, òjé á jó. Bí kò bá gbóná tó, òjé á dì bí àkàrà tí kò jinná. Mo lè jókòó láti àárọ̀ kí n so ogún ojú wáyà. Ọ̀gá á mú ẹ̀mú, á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan péré bá já, á tú gbogbo rẹ̀.

Á ní, "Tún un ṣe."

Ohun tó máa sọ nìyẹn, kò ní fi nǹkan kan kún un. Mo sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí lọ ilé ọkọ.

Òfin rẹ̀ tó le jù ni ti ọwọ́ òsì. Bí a bá ń yẹ ẹ̀rọ tí iná wà nínú rẹ̀ wò, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo gbàgbé, ó fi ìborùn ara mi di ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, "Bí iná bá gba ọwọ́ kan wọlé tó gba ìkejì jáde, kí ló wà láàárín wọn?" Mo ní, "Àyà mi, sà." Ó ní, "Ọkàn rẹ ni. Máa fi pamọ́." Ó tún máa ń sọ pé ẹ̀rọ tí a pa kò tíì kú, ó ń sùn ni, torí àwọn agolo kéékèèké kan wà nínú rẹ̀, kapásítọ̀ lorúkọ wọn, tó máa ń tọ́jú iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Ẹ ti pa á, ẹ ti yọ ọ́ lára iná, síbẹ̀ ìkòkò ṣì kún. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ á rí i.

Mo parí iṣẹ́ kíkọ́, mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo lọ́kọ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: àwọn kan gbà pé obìnrin lè ṣe é, àwọn kan máa ń wọlé wá tí wọ́n á ní, "Ọ̀gá dà?" Èmi á ní, "Ẹ jókòó, ó ń bọ̀." Tí mo bá tún rédíò wọn ṣe tán tó bá ń kọrin, mo máa ń ní, "Ọ̀gá ti dé."

Bí mo ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ náà ń yí padà. Rédíò tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní àwọn ìgò kan nínú tó máa ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Ẹ tan án, ẹ lọ bu omi mu, kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn ìgò yẹn kógbá wọlé, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kò tó èékánná rọ́pò wọn. Irin inú ẹ̀yinná lọ, ti oníná mànàmáná dé. Tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun lọ, aláwọ̀ mèremère dé. Nígbà ìjọba ológun tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tòkunbọ̀ ló kún ọjà, kò sì sí èyí tí kò ní àrùn tirẹ̀. Iná inú ikùn tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kì í ṣe kékeré o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ni, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìwà ọmọ mi.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Adéwùyí wá. Òun ló ń kọ́ ọmọ mi obìnrin, Kúbúrátù, ní físíìsì nílé-ìwé girama. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé, ó gbé nǹkan kan tó fi aṣọ wé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó tẹríba.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Kúbúrátù."

"Tíṣà, ẹ káàsán. Ṣé kì í ṣe pé Kúbúrátù ṣe nǹkan?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín."

Ó tú aṣọ náà. Ọ̀pá gíláàsì kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ sí ọwọ́, wọ́n sé e lórí, wọ́n sé e nídìí. Ó ní léésà ni wọ́n ń pè é. Atẹ́gùn kan ni wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀, bí iná tó lágbára bá gba inú atẹ́gùn yẹn kọjá, ìmọ́lẹ̀ pupa kan á yọ lẹ́nu rẹ̀, á lọ tààrà bí okùn tí a ta, kò ní fẹ̀ bí ti tọ́ọ̀ṣì. Yunifásítì tó ti kàwé ni wọ́n ti fẹ́ dà á nù, nítorí pé àpótí tó ń fún un níná ti jóná, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń ra òmíràn.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn abẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Bí wọ́n bá rí i pé yàrá sáyẹ́ǹsì ṣófo, wọ́n á fagi lé kíláàsì sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé náà, ẹni tó bá fẹ́ kà á á máa lọ sí Òṣogbo.

Ó ní, "Àwọn ọmọkùnrin á lọ, mà. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Bàbá wo ló máa jẹ́ kí wọ́n lọ máa gbé níbẹ̀?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà ní kíláàsì yẹn, tèmi wà nínú wọn, ọkọ mi sì ti sọ tirẹ̀ pé ọmọ òun kò lọ Òṣogbo.

Mo ní, "Fóòtì mélòó ni nǹkan yìí ń jẹ?"

"Bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láti jí i. Tó bá ti jí, kò ní nílò tó ẹgbẹ̀rún méjì mọ́."

"Bíi ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú. Èrò púpọ̀ ló máa tì í kó tó ṣíná, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣíná tán, dẹ́rẹ́bà nìkan tó o."

Ó pàtẹ́wọ́. "Gẹ́lẹ́, mà! Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nìyẹn, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́."

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ó mọ ohun tí léésà ń jẹ, kò mọ bí a ṣe ń sè é. Èmi mọ bí a ṣe ń sè é, n kò rí léésà rí. A bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ògbólógbòó áńpù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n fi ń pe ìrun tẹ́lẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Onígò ni, ó ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti ra tuntun. Mo lọ bẹ Lèmọ́mù, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, kí Ọlọ́run fi àǹfààní sí i. Tiransífọ́mà inú rẹ̀, irin wíwúwo tí wọ́n fi wáyà wé, ṣì dáa. Òun ló ń sọ iná ilé di ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tú àwọn òkú tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo yọ dáyóòdù tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, mo yọ kapásítọ̀. A tò wọ́n léra bí àkàbà: àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ń gba iná, ó ń fi tirẹ̀ kún un, ó ń gbé e fún èyí tó wà lókè. Àkàbà yẹn ni èrò tó ń ti ọkọ̀. Ẹ̀yà kan tí a bá fi sí i tí kò bára mu, a yọ ọ́. Mo yọ́ àbẹ́là sórí àwọn ojú wáyà kí iná má bàa fò láti ọ̀kan sí òmíràn. Nígbà tí Tíṣà bá ń ṣírò, èmi á máa so wáyà, màá sì tún fa gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn, ọ̀sán gangan ni, ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé. Mo tan án. Àkàbà kùn bí oyin. Ọ̀pá náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó wá pọ́n nínú bí òwúrọ̀ kùtùkùtù, àmì pupa kan sì bà sára ògiri. Kékeré ni, bí èso iwérènjéjé. Tíṣà fò sókè. Èmi náà pariwo, mo gbàgbé pé àgbàlagbà ni mí.

Iná ọ̀pá náà kú lójijì. Mo pa á níbi tí a ti ń tan án, mo sì yíjú láti mú igi tí mo so wáyà mọ́ lórí, tí mo fi ń tú iná inú kapásítọ̀ dànù. Rẹsítọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa fa iná tó bá ṣẹ́kù jáde fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti là láìsí ẹni tó mọ̀. Tíṣà rí i pé ọ̀pá gíláàsì náà ń yí lọ sétí tábìlì. Ó nawọ́ mú un.

Mo ké pé, "Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ọwọ́ ti débẹ̀. Mo gbọ́ "táú!", mo sì rí i tó fò lọ sẹ́yìn, tó fi orí gbá kọ́bọ́ọ̀dù, tó ṣubú lé apá ọ̀tún rẹ̀. Kò mira. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń lù ú láyà, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó gbin, mo ké pe àwọn èèyàn.

Wọ́n gbé e lọ ọsibítù. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n apá yẹn ṣẹ́, wọ́n sì rán an lórí. Nígbà tí mo lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi bàbá ọmọ mi sílẹ̀."

Mo fà á dìde. Ẹni tí ejò bù jẹ, bó bá rí ekòló á sá, kò yẹ ká bá a wí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Alhaji àgbàlagbà kan, ní kí wọ́n kó pálapàla náà kúrò nílé-ìwé òun. Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń sọ lọ́jà pé Ìyá Onírédíò fẹ́ fi iná pa tíṣà. Ọkọ mi ní, "Ṣé o ṣì máa fọwọ́ kan nǹkan yìí?" Mo ní, "Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ohun tó bàjẹ́ ni mo fi sílẹ̀ o."

Mo tú u palẹ̀. Mo ní kí káfíńtà bá mi kan àpótí pákó tó ní ìdérí, mo to gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì kan sábẹ́ ìdérí, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí i báyìí, iná ti já. Ojú ọ̀nà méjì ni mo ṣe fún iná tó bá ṣẹ́kù láti jáde, kí ìkejì lè ṣiṣẹ́ bí èkíní bá kú. Mo fi gílóòbù kékeré kan síwájú, kò ní kú títí ìkòkò á fi gbẹ. Mo wá de ọ̀pá gíláàsì náà mọ́ inú páìpù rọ́bà kí ẹnikẹ́ni má bàa tún sáré mú un.

Tíṣà ló ṣírò àwọn rẹsítọ̀ tuntun náà fún mi. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ọ̀tún ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì wá. Mo ṣí àpótí níwájú rẹ̀, mo sọ iṣẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan fún un, bí ìgbà tí Ọ̀gá Lámídì ń sọ ọ́ fún mi. Ó nawọ́ sí gílóòbù iwájú àpótí.

Ó wá ní, "Gílóòbù yẹn, tó bá kú, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́?"

"Kò sí mọ́. Síbẹ̀, a ṣì máa fi igi kàn án ká tó fi ọwọ́ kàn án."

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ẹ máa fi igi kàn án o." Ohun tó sọ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló kù. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo tan án, mo pa á, mo ṣí ìdérí, mo tún un ṣe títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dúró tì í lọ́jọ́ náà." Mo ní ibo ni mo tún fẹ́ lọ.

Àwọn abẹ̀wò dé. Ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n ti rìn káàkiri, ojú wọn ti rẹ̀. Wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù wa, ó ṣófo lóòótọ́. Wọ́n wo tábìlì. Ni Tíṣà bá ní kí àwọn ọmọ ti fèrèsé. Mo tan án. Ìmọ́lẹ̀ pupa la yàrá já, ó bà sára ògiri kejì.

Tíṣà ní kí ẹnìkan fún òun ní irun orí kan. Àwọn ọmọ ń ti ara wọn. Èmi ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn mi, mo fa ọ̀kan tu. Ó ta á sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà. Mo rò pé òjìji ìlà kan la máa rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Àmì pupa náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó tò lọ sọ́tùn-ún, ó tò lọ sósì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Tíṣà pe Kúbúrátù, ó ní kó fi rúlà wọn àlàfo àárín wọn. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n, ó lọ sójú pátákó, ó ṣírò, ó yíjú padà, ó sì sọ fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà bí irun orí ìyá rẹ̀ ṣe nípọn tó. Kò tó ìdá mẹ́wàá ìlà kan lórí rúlà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dìde, ó yí àpótí mi po. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Tíṣà ní, "Èmi àti Ìyá Kúbúrátù ni, sà."

Ó fa irun kan tu lórí ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi wọn tèmi náà."

Wọn kò yìn wá lọ títí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ṣófo, kí ilé-ìwé wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kíláàsì sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ yẹn ń ti ilé wọn lọ, wọ́n sì kà á parí. Ọ̀kan di nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń kọ́ni ní Ilé-Ogbó. Kúbúrátù tèmi, aṣọ ló ń tà lọ́jà, inú mi dùn sí i, òwò rẹ̀ sì gún. Yíyàn tirẹ̀ ni.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, títí ojú fi ní ó tó. Àwọn irinṣẹ́ mi ti gba ọwọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́. Àpótí náà jóná níkẹyìn, bí gbogbo ẹ̀rọ ṣe máa ń jóná, ṣùgbọ́n kò tún pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, mo ń rìn lọ́jà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kiri gbé àtẹ wá síwájú mi. Nǹkan kan wà níbẹ̀ bí kálámù, bátìrì aago ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àmì pupa kan bà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e. Mo dúró, mo ń wò ó, omi sì lé sí mi lójú, ayọ̀ ni o.

Ọmọ náà ní, "Ìyá, ẹ rọra o, ẹ má wò ó lójú. Iná tuntun ni."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ó ti sùn nílé mi rí."